Ọrùn Tó Kọ̀ Láti Tẹ̀

"Tẹ orí ba díẹ̀, ọmọ dáadáa, kí n rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ wọ̀n."

Bàbá Télọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ àti tiwa dojú kọra. Ó mú téépù rẹ̀ wá láàárọ̀ nítorí kọ́là aṣọ ilé-ìwé tó ń rán fún àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún méje. Aláròyé là ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sọ nǹkan kan. Ó gbìyànjú láti tẹ orí ba, ó sì bú sẹ́kún.

"Ọrùn ń dùn mí, Bàbá. Orí náà ń fọ́ mi."

Bàbá fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó yára fà á sẹ́yìn. "Háà! Ara ọmọ yìí gbóná bí áyọ́ọ̀nù! Dókítà, o ò tíì gbé e lọ sílé ìwòsàn?"

Èmi ni Dókítà. Inagijẹ lásán ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mi ò sì lè rí páálí oògùn kí n má ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Màámi ti lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n máa ń gba fóònù òṣìṣẹ́ tì mọ́nú àpótí títí di ìrọ̀lẹ́. Ìdánwò sáyẹ́ǹsì mi yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá.

"Mo mọ ohun tó ń ṣe é, Bàbá. Yírùnyírùn ni, àìsàn tó ń mú ọrùn gan. Ó ṣe èmi náà lọ́dún tó kọjá. Irú èyí tí kì í le ni."

Mo fa ìwé tí wọ́n kọ fún mi nílé ìwòsàn yọ. Ó wà níbẹ̀ kedere: fáírọ́ọ̀sì ló fà á, kí n lọ sinmi nílé. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí mo fi ń fo kiri.

"Ṣé ìwé yẹn mọ Aláròyé ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti kà á pé yírùnyírùn ju ẹyọ kan lọ. Fáírọ́ọ̀sì ń fa ọ̀kan. Bakitéríà ń fa òmíràn, èyí tó lè pa èèyàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Òmíràn tún wà tí irú nǹkan tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ máa ń fà. Èwo wá nìyí? Aláròyé ń sá fún ìmọ́lẹ̀. Èmi náà sá fún un. Ó bì, èmi náà bì. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ṣé tèmi tutù nígbà náà? Mi ò rántí. Bí mo bá ní kò le, ọkàn mi a ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Bí mo bá ní ó le, aago ara ògiri a máa wò mí.

Mo kúnlẹ̀. "Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ irú tèmi." Mo dìde, mo sì sọ àdúrà mi di ìdáhùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó títí di aago kan."

"Dókítà, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ìka, wọn ò sì dọ́gba."

Mo ti wọ bàtà.

Nínú gbọ̀ngán ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìbéèrè kìíní. Ṣe ni mo ń tẹ orí tèmi bá àyà, tí mo tún ń gbé e sókè, títí olùkọ́ fi bi mí pé, "Ta lò ń kí?"

Nígbà tí mo délé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì sì ṣófo. Mo wọlé, mo jáde. Mo ń pe Aláròyé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń wá ológbò. Téépù Bàbá wà nílẹ̀, téépù tí kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìgbà tí mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ni mo mọ̀ pé eré ló sá jáde.

Mo bá Bàbá nílé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà láìsí bàtà.

"Àmì yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́," ni ó wí. "Mo pè é, kò dáhùn. Aláròyé! Kò dáhùn! Mo bá gbé e pọ̀n."

Dókítà gidi jáde wá, obìnrin kan tí àárẹ̀ hàn lójú rẹ̀. "Ìgbà wo ni ọrùn rẹ̀ ti gan?"

Bàbá ò wò mí. Ó ń wo ilẹ̀.

"Láti àárọ̀, mà," mo wí. "Mo rí i. Mo rò pé…" Mo na ìwé mi sí i.

Ó kà á, ó dá a padà. "Ara tìrẹ ni ìwé yìí ń sọ. Ibà, orí fífọ́, ọrùn gígan: bákan náà ni gbogbo wọn ṣe máa ń yọjú. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú tèmi pàápàá. Omi tí a fi abẹ́rẹ́ fà láti ẹ̀yìn ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé tìrẹ mọ́ gaara. Ti àbúrò rẹ dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Bakitéríà ni. A ò tilẹ̀ dúró de omi náà ká tó bẹ̀rẹ̀ oògùn."

"Ṣé yóò yè, mà?"

"Ká ní àárọ̀ lẹ gbé e wá ni, ǹ bá ti dá ọ lóhùn."

Wọ́n fún èmi, Màámi àti Bàbá ní oògùn lò, nítorí irú èyí máa ń ti ara ẹnì kan ràn mọ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ mẹ́rìnlá la fi lọ tí a fi bọ̀. Ọlọ́run ṣàánú, Aláròyé yè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó délé, Màámi jókòó sí apá òsì rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bó ti máa ń ṣe, ó ń kì í: "Aláròyé mi, ẹyẹ tó jí kí oòrùn tó jí. Ọmọ tó sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, tí ògiri fi ń dáhùn. Jí o, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi."

Etí ọ̀tún Aláròyé wà lórí ìrọ̀rí; kò mira. Màámi tún un sọ. Ó dìde, ó yí lọ sí apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni Aláròyé ti rẹ́rìn-ín sí i.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò tíì kì mí láti àárọ̀?"

Àìsàn náà ti mú etí òsì rẹ̀ lọ.

Màámi ò nà mí. Ó ní, "Ọmọ mi, àdúrà ò ní kẹ́sẹ̀ má rìn." Ìbá kúkú nà mí.

Mo yege ìdánwò náà. Mi ò tíì fi èsì rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ibà bá dé, tí orí ń fọ́, tí ọrùn kọ̀ tí kò tẹ̀, ẹ má jókòó ṣèdájọ́ bíi tèmi. Tiwa ni ká mọ̀ pé ewu dé, ká sì sáré. Ilé ìwòsàn ló ni mímọ irú èyí tó jẹ́.

Bí mo bá fẹ́ bẹ àbúrò mi, apá ọ̀tún ni mo máa ń jókòó sí.