Ìgò Sáké Kan ní Sugar Land

Ìtẹ́olúwa ki ìgò sáké kékeré bọ omi gbígbóná, ó ń fi ìka wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, nígbà tí Lará jókòó síwájú rẹ̀ ní ilé oúnjẹ Japan tó ti ń ṣiṣẹ́ agbọ́tí ní àdúgbò Uptown, lókè òkun.

"Ọtí wo lẹ tún ń gbé kaná bí ẹ̀kọ yìí?"

"Ìrẹsì ni wọ́n fi pọn ọ́n. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń gún ìrẹsì náà nínú omi, wọ́n á wá jẹ́ kó kan fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣì ń ṣe é báyìí ò pọ̀ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹja yìí ná."

Lará jẹ ẹja yíyan, ó fẹnu kan ife. "Ó kan díẹ̀ bí omi ògì. Ẹja yẹn sì wá dùn sí i. Báwo ló ṣe ń ṣe é?"

Ìbéèrè yẹn ló gba ọkàn Ìtẹ́olúwa. Bóyá ó ń pani làwọn oníbàárà yòókù máa ń béèrè.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n bàbá Lará, alàgbà ìjọ Aládùúrà, ní òun ò ní fọmọ fún agbọ́tí.

"Ìyá mi ti bá wọn sọ̀rọ̀, olólùfẹ́ mi," ni Lará wí. "Wá jẹun nílé wa ní Sugar Land ní Sátidé. Bí wọ́n bá tún kọ̀, mi ò lè fẹ́ ọ láìsí àṣẹ wọn."

Ìtẹ́olúwa ra èso fún ìyá Lará. Ìgò sáké tó ti ń wá fún Lará tipẹ́ wà nínú báàgì kan náà. Ó gbàgbé láti yọ ọ́, ó sì gbé báàgì fún Màmá nígbà tó débẹ̀.

Nídìí oúnjẹ, Bàbá jẹ ẹja títí dé ìdajì. "Ìyá Lará, ọbẹ̀ òní yàtọ̀."

"Fíníígà Japan tí Ìtẹ́olúwa gbé wá ni mo dà sí i. Mo tọ́ ọ wò, ó kan díẹ̀."

Lará tẹ Ìtẹ́olúwa lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì: pa ẹnu mọ́. Ìtẹ́olúwa dìde, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Kì í ṣe fíníígà. Ọtí ni. Èmi ni mo gbàgbé ẹ̀ sínú báàgì."

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ta ló ní kó o sọ ọ́?"

"Kò sẹ́ni, sà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ẹ ò ní fẹnu kan ọtí. Kò yẹ kí n máa wò yín níran."

"Kí ni wọ́n fi ṣe é?"

"Ìrẹsì, sà."

Bàbá kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Lará, bu ìrẹsì wá fún mi. Èyí tí wọn ò tíì fi pọntí."

Lẹ́yìn náà ló ti àwo tirẹ̀ síwájú Ìtẹ́olúwa, ààbọ̀ ẹja ṣì wà nínú rẹ̀. "Dìde ńlẹ̀. Jẹ ẹ́ tán."

Lará bú sẹ́kún. Ta ni bàbá Yorùbá ń fi àjẹkù sílẹ̀ fún, bí kì í bá ṣe ọmọ rẹ̀?

Ìtẹ́olúwa fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo. "Ẹ ṣé, Bàbá mi."