Páàdì Tó Jí Ọwọ́ Bàbá

Iná ara páàdì géèmù náà ti ń ṣẹ́jú kí Ìsíátù tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ọ̀rá ni, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀, ó yíjú láti mú fóònù. Nígbà tó máa bojú wẹ̀yìn, iná aláwọ̀ omi aró kan ti ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń mí lójú oorun.

"Àbí wọn ò pa á dáadáa ni?" ló wí sínú ara rẹ̀.

Kì í ṣe eré ló gbé páàdì géèmù wọ ilé wọn ní Ìsọlọ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lu bàbá rẹ̀, Àlàájì Ìsmáílà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ta aṣọ ní ọjà Aswani. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sápá kan, ahọ́n sì wúwo débi pé Ìsíátù nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Nọ́ọ̀sì tó ń na ara fún un ló dámọ̀ràn páàdì: bí Bàbá bá ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bóyá ọwọ́ náà á rántí iṣẹ́ rẹ̀. Ìsíátù wá a lọ sí Ṣógúnlé, sí ṣọ́ọ̀bù Fọlárìn tó ń ta àlòkù.

Fọlárìn ti fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án. "Àǹtí, bọ́tìnì àárín yìí ni kí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má tètè fi í sílẹ̀. Tí iná ẹ̀ bá ti ń yára ṣẹ́jú, ẹ tan bulutúùtù fóònù yín, ẹ máa rí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tẹlifíṣọ̀n. Láptọ́ọ̀pù tó bá ń ṣagídí, ẹ fi wáyà sí i. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ló máa ń dì mú lẹ́ẹ̀kan o. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sórí òmíràn, ẹ jẹ́ kó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ ná."

Ìsíátù tan fóònù. Orúkọ tó jáde kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan. Adémidé ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó rò pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù gbọ̀n pẹ́rẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá náà gbọ̀n pẹ́rẹ́.

Ìsíátù sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, àtàǹpàkò Bàbá ti ń rìn lórí páàdì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ń gba bọ́ọ̀lù inú géèmù sáwọ̀n. Ìsíátù gbé páàdì kúrò lórí fóònù, ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kí Bàbá lè rí i gbàǹgbà, àwọn ará ilé sì ń pé jọ wòran. "Àlàájì, ibo lẹ ti kọ́ eléyìí?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló tẹjú mọ́, bí ẹni tó bá ejò lórí ẹní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìsíátù gbé ẹ̀kọ gbígbóná bọ̀ láti kíṣìnì. Wọ́n ti mú iná lọ, tẹlifíṣọ̀n ti kú, páàdì wà lórí tábìlì. Bàbá sùn, ó ń hanrun. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò sùn. Ó wà lórí itan Bàbá, àtàǹpàkò rẹ̀ ń tẹ òfìfo, ọ̀tún, òsì, kíákíá, kíákíá, ìka kékeré ń lu eegun orúnkún kó, kó, kó. Ìsíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọwọ́ náà dúró. Àwọn ìka gbéra sókè díẹ̀, wọn ò mira, bí ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

Ó gbé àwo ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ náà: ó tutù bí ẹja inú fíríìsà, bẹ́ẹ̀ ti òsì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá lajú.

"Ìsíátù... gbà á... lọ́wọ́ mi."

"Kí ni, Bàbá?"

"Kì í ṣe èmi."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ọwọ́ náà gbá ọrùn ọwọ́ Ìsíátù mú. Kì í ṣe agbára arúgbó. Ìsíátù figbe ta, ọwọ́ náà sì tú u sílẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí ojú ń tì.

Kíá ló pa orúkọ náà rẹ́ lórí fóònù, ó pa á rẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ju páàdì sínú ọ̀rá, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ṣógúnlé. Fọlárìn wo ojú rẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ọ̀rá náà.

"Àǹtí, ẹ má bínú," ló wí lóhùn jẹ́jẹ́. "Ìyá kan ní òpópónà kejì ló gbé e wá. Adémidé, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, ló ni ín. Àìsàn dá ọmọ náà dùbúlẹ̀, eléyìí ló fi ń ṣeré. Òun ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí bọ́."

"O sì tà á fún mi?"

Fọlárìn wolẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe obìnrin náà.

Nígbà tí Ìsíátù ròyìn ọwọ́ bàbá rẹ̀ tán, Ìyá Adémidé ò béèrè nípa páàdì rárá. Ohun tó béèrè ni pé, "Ṣé ó máa ń fi ìka kékeré lu nǹkan tó bá ń ronú?"

Gbogbo irun ara Ìsíátù dìde. Ó mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sójú ẹ̀rọ̀fọ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ. Màá bẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Èmi ni mo bí i, á gbọ́ tèmi."

Oòrùn ṣì wà nínú pálọ̀ nígbà tí wọ́n dé Ìsọlọ̀. Bàbá jókòó sórí àga bí Ìsíátù ṣe fi í sílẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún mú. Ọwọ́ náà ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó nu omijé ojú rẹ̀.

"Adémidé, ọmọ mi, ó tó. Lọ sinmi. Fi ọwọ́ bàbá sílẹ̀ fún wọn."

Ọwọ́ náà já bọ́ sórí itan, ó kú fin-ín. Ìsíátù mí kanlẹ̀. "Àlùhámídù lílàhì."

Nígbà náà ni ẹnu Bàbá tó wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í na ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tọ́.

"Mọ́mì," ni ẹnu náà wí. Ohùn ọ̀dọ́ ni, ó já gaara. "Ebi ń pa mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ìyá Adémidé wo Ìsíátù. Ó gbójú kúrò. "Ó dáa, ọmọ mi," ló wí. Ó gbé apá Bàbá kọ́ ọrùn ara rẹ̀.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀!" Ìsíátù fò síwájú, ó di ojú bàbá rẹ̀ mú ní ìhà méjèèjì. "Bàbá, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ dijú fún mi."

Ojú náà nìkan ló kù tó jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ó dì. Omijé yọ lábẹ́ ìpéǹpéjú. Nígbà tó là, ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀, Ìsíátù ò rí irú rẹ̀ rí lójú alààyè.

Ẹnu rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ má dá àǹtí yìí lóhùn, Mọ́mì. Ẹ dì mí mú."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Bàbá tó ti kú tẹ ilẹ̀, ara rẹ̀ sì dìde.