Òpópónà Tí Wọ́n Pín sí Méjì

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn awọnlẹ̀ wọ òpópónà àwọn oníṣẹ́ awọ, láyé ìgbà tí ajẹ́lẹ̀ ṣì ń gẹṣin kiri ìlú, awọ tútù ń kán omi lórí igi níwájú ilé gbogbo. Òórùn awọ yìí ń bí àwọn ọlọ́lá nínú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ lé àwọn oníṣẹ́ náà kúrò létí odò, àmọ́ ọkùnrin kan ni kò gbà fún wọn: Aṣojú, àgbà oníṣẹ́ awọ, tí gbogbo òpópónà máa ń tò sẹ́yìn rẹ̀ bí wọ́n bá ti ń yan ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú.

Olórí awọnlẹ̀ wọ ẹ̀wù funfun tó le gbagidi. Ó tẹrí ba. "Aṣojú, a kí yín o. Ajẹ́lẹ̀ ní ká wá wọn ibi tí ojú àgbàrá máa gbà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìyàwó Aṣojú ò kí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe kọjá, ó fa ọkọ rẹ̀ wọlé. "Baálé mi, àgbàrá wo ló ń béèrè iye ọkùnrin tó ń gbé inú ilé?"

"Ìwọ náà kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́."

"Àbúrò yín ló ń bá wọn di okùn ìwọnlẹ̀ mú. Ìgbà wo ló di ọ̀rẹ́ wọn?"

Aṣojú rẹ́rìn-ín. Ilé àbúrò rẹ̀ dojú kọ tirẹ̀. Iṣẹ́ awọ ti sú u, iṣẹ́ tó bá ṣáà ti rí ló ń ṣe.

Kò pẹ́ tí akéde fi dé. Àárín òpópónà gan-an ni ààlà ìdìbò tuntun gbà. Àwọn ará ọ̀tún, níbi tí ilé Aṣojú wà, á máa bá àwọn oníṣòwò aṣọ dìbò, àwọn ará òsì á máa bá àwọn ìdílé ẹlẹ́ṣin dìbò. Lọ́jọ́ ìdìbò, Aṣojú bojú wẹ̀yìn ní pápá. Ìlà oníṣòwò aṣọ lọ títí kan ògiri. Tirẹ̀ ò tó nǹkan. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ yòókù wà lápá kejì pápá, wọ́n ń na ọrùn wò ó, àwọn ẹ̀ṣọ́ ò sì jẹ́ kí wọ́n sọdá.

Ìpàdé àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ tuntun ṣe, wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ awọ kó ẹrù wọn.

Ìyàwó Aṣojú ń di ẹrù lọ́wọ́ nígbà tí àbúrò ọkọ rẹ̀ yọjú. "Ọkọ mi," ló pè é, "ẹ wojú mi. Ṣé ẹ mọ̀?"

"Àgbàrá ni wọ́n sọ fún mi. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yín, tí wọ́n ń ka ilé ọ̀tún lọ́tọ̀, ilé òsì lọ́tọ̀, ara fu mí."

"Kí lẹ wá ṣe?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo ṣáà di okùn mú."

"Ó tó," ni Aṣojú wí láti ẹnu ọ̀nà. "Wọ́n tan èmi náà."

Tọ̀tún tòsì ni wọ́n lé. Orí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn ìlú ni wọ́n kó wọn lọ, níbi tí kò sí odò tí wọ́n á ti fọ awọ. Aṣojú di ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Wọ́n ṣì ń pè é ní Aṣojú, àmọ́ kò tún wọ ilé ìgbìmọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Àbúrò rẹ̀ kọ́lé sítòsí. Bó bá ti yà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á gbé àga fún un, wọ́n á bu omi tútù wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ bọ̀ á sì dákẹ́ wẹ́lo. Ó dàgbà, ó darúgbó níbẹ̀, kò sì fìgbà kan mọ ohun tí wọ́n ń sọ kí òun tó wọlé.