Aṣọ Tí Olóògbé Kò Rán Tán

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ń ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó jókòó tì í.

Aránṣọ dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn àdúgbò, ó ń wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ sókè sódò lórí òfìfo. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń wọlé lójú fèrèsé, síbẹ̀ orí rẹ̀ wú.

Ọkùnrin kan yọ lẹ́yìn àwọn àga, ó mú ike epo maṣíìnì lọ́wọ́. Ẹ̀rín rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

"Ẹ má sá. Ìyàwó mi ni."

"Èwo ni ìyàwó yín níbẹ̀?"

"Òun ló ni ẹ̀rọ yẹn. Ó ti kú."

"Háà! Ìyẹn gan-an ló yẹ kó lé mi sá!"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ kò mọ̀gbà tí òun náà rẹ́rìn-ín.

Olóògbé yìí ló dá ẹ̀kọ́ ìránṣọ inú gbọ̀ngàn náà sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ máa ń pé jọ síbẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á sunkún, wọ́n á wá kọ́ṣẹ́ tí wọ́n lè fi jẹun. Ìyá olóògbé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Gbọ̀ngàn, ló pe Aránṣọ wá rọ́pò rẹ̀. Ọkọ olóògbé ló ń tún àwọn ẹ̀rọ ṣe. Elépo ni wọ́n ń pè é, torí epo kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti fi epo yí mi láṣọ," Aránṣọ sọ lọ́jọ́ kan.

"Ẹ bọ́ ọ wá, màá fọ̀ ọ́."

"Ọkùnrin tó bá fọṣọ mi, kò ní rí ibi lọ mọ́ o."

"Ta ló sọ fún yín pé mo fẹ́ lọ?"

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọlé. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ wọn bá ti fẹ́ kan ara wọn báyìí, ẹ̀rọ yẹn á bẹ̀rẹ̀: tà-tà-tà-tà. Èémí tútù á fẹ́ sí Aránṣọ lọ́rùn, ẹnìkan á sì rọra fa òwú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Màmá Gbọ̀ngàn pè é sí kọ̀rọ̀. "Ọmọ mi kò tíì lọ. Ìwọ náà ń gbọ́ ọ. Fi ọkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún un."

Aránṣọ gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Elépo má wá bá òun mọ́.

"Mo fẹ́ràn rẹ," ọkùnrin náà sọ, "ṣùgbọ́n mi ò ní fipá mú ọ dúró níbi tí ẹ̀rù ti ń bà ọ́." Ó sì lọ.

Ẹ̀rọ kò dákẹ́ o. Ńṣe ló burú sí i, títí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Aránṣọ nìkan ló jókòó tetí sí i. Ẹ̀rọ á sáré díẹ̀, á rọra bí ẹni tó fẹ́ yí kọ́nà, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi kan náà. Ìbínú kọ́ nìyí. Ẹni tó ń wá bó ṣe máa parí iṣẹ́ ni.

"Màmá, kí ni ọmọ yín, ẹ̀gbọ́n mi, ń rán lọ́wọ́ kí wọ́n tó kú?"

Ìyá náà dìde. Ó lọ sílé, ó gbé aṣọ aláwọ̀ búlúù kan dé. Apá kan ló kù láti rán. "Tèmi ni. Mi ò lè wò ó láti ọjọ́ náà."

Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ. Kó tó tẹ̀ ẹ́, irin ìtẹ̀sẹ̀ ti ń lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ kan tó tutù bíi yìnyín gbé ara lé tirẹ̀, ó ń bá a darí aṣọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é."

Bó ṣe já òwú tó gbẹ̀yìn, gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Màmá wọ aṣọ náà, ó sunkún tẹ́rùn, ó ní, "Lọ pè é wá."

Eré ni Elépo sá dé. "Ṣé ẹ̀rù ṣì ń bà ọ́?"

"Ó ṣì ń bà mí. Fẹ́ mi bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nínú ọ́fíìsì kékeré kan, akọ̀wé ìjọba bi wọ́n pé ta ni òbí ìyàwó. Àwọn òbí Aránṣọ ti kú tipẹ́. Ó tẹrí ba. Màmá Gbọ̀ngàn bá dìde.

"Èmi ni," ó wí.

Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ọ: ohùn méjì ló dáhùn.