Táíwò Tí Kò Ní Kẹ́hìndé

"Ẹ kú ọjà o. Táíwò dà?"

Bí Mosúnmọ́lá ṣe wọlé nìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, lábẹ́ ìsọ̀ páànù tí Bàdírù ti ń ta àlòkù ìwé. Bàdírù ti lọ kírun àìlà. Olúwarótìmí, tó ń tún rédíò ṣe ní ìsọ̀ kejì, ló ń bá a ṣọ́ ọjà.

Rótìmí gbójú sókè. Ó rí ọmọbìnrin dúdú mìnìjọ̀ kan, tí téèpù àwọn télọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rò pé ènìyàn ni ọmọbìnrin náà ń wá, ó sì rò ó pé bí òun bá ní Táíwò kò sí, yóò yí padà, yóò lọ, òun kò sì ní rí i mọ́.

"Èmi rèé," ló dáhùn.

Mosúnmọ́lá wò ó díẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín. "Ìwé ni mò ń wá o, ẹ̀gbọ́n! Ìwé àwọn tó ń jẹ́ Táíwò. Àbí Táíwò lẹ̀yin náà ń jẹ́ lóòótọ́?"

Ibẹ̀ ló ti yẹ kó sọ pé àwàdà ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí arẹwà bá ń rẹ́rìn-ín sí, ẹ má wá ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ lásìkò yẹn.

"Táíwò ni," ni Rótìmí wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìwé yìí. Lọ́dún 1998 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Mosúnmọ́lá àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Fúnkẹ́mi onírun àti Ràṣídátù tíṣà, ló dá àṣà kan sílẹ̀. Ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti ń jẹ́ Táíwò, wọn á kà á dópin, ohun yòówù kó wà nínú rẹ̀. Táíwò kan kọ̀wé lórí adìyẹ sísìn, wọ́n kà á débi pé Fúnkẹ́mi lọ ra òròmọdìyẹ. Táíwò kan kọ ìtàn ìfẹ́, òmíràn kọ ìwé àdúrà, òmíràn kọ ìṣirò fún àwọn ọmọ pírámárì. Wọ́n á máa jiyàn èwo nínú wọn ló gbọ́n jù, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń jiyàn bọ́ọ̀lù.

"Táíwò oníṣirò ò láàánú," Ràṣídátù á ní.

"Ṣé ti onítàn ìfẹ́ ló sàn? Ẹni tó pa ọkọ ìyàwó lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì!" Fúnkẹ́mi á ké.

Kò pẹ́, àwọn awakọ̀ dá sí i, àwọn nọ́ọ̀sì dá sí i. Bàdírù ya pákó kan sọ́tọ̀ fún àwọn Táíwò nìkan. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n á pé jọ síwájú ìsọ̀, ẹnì kan á máa kà, àwọn yòókù á máa dá sí i. Ta sì ni wọ́n fi ṣe òǹkàwé? Rótìmí ni. Táíwò alààyè ni wọ́n ń pè é.

"Táíwò, kàwé fún wa!" wọ́n á pariwo. Rótìmí á dìde, òógùn á bò ó.

Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́. Kò tíì pẹ́ tó ti Ìgèdè dé, Ẹlẹ́rọ sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàdírù nìkan ló mọ orúkọ rẹ̀.

"Ẹlẹ́rọ," ni Bàdírù sọ fún un, "bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a."

"Màá sọ fún un lọ́la."

"Irú ọ̀la wo lèyí tí kì í mọ́?"

Ìfẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Mosúnmọ́lá ti ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un ní ìsọ̀. Rótìmí ń pè é ní Olólùfẹ́ mi, Ìdùnnú ọkàn mi. Òun náà á dáhùn pé, "Táíwò mi." Nígbàkigbà tó bá ti pè é bẹ́ẹ̀, inú Rótìmí á dùn, inú rẹ̀ á sì bàjẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá bọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ìfẹ́ náà á bá a lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Rótìmí sin Mosúnmọ́lá dé ibi tí yóò ti wọ mọ́tò ìlú Ìyìn, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé.

"O ò bi mí rí," ni Mosúnmọ́lá wí, "ìdí tí mo fi ń ka Táíwò."

"Kí ló dé?"

"Kẹ́hìndé ni mí. Táíwò mi lọ nígbà tí a ṣì kéré. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè mí ní Kẹ́hìndé nílé wa mọ́. Bí mo bá wá rí Táíwò lára ìwé, màá ní kí n wo ohun tí tèmi ìbá dà. Bóyá ìbá máa sin adìyẹ. Bóyá ìbá máa fi ìṣirò dá àwọn ọmọ lóró." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kẹ́hìndé tìrẹ ńkọ́? O ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí."

Rótìmí kò ronú nípa Kẹ́hìndé rí láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ̀ pé ibi tí Táíwò bá wà, Kẹ́hìndé ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀?

"Ó... ó rìnrìn àjò," ló ní.

Mosúnmọ́lá dúró. Omi lé sójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ Rótìmí mú ṣinṣin, kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́. Rótìmí dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Òmùgọ̀ ọkùnrin!

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mosúnmọ́lá mú un lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìyìn. Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pe obìnrin náà.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó, ulé rẹ rèé."

Rótìmí ti ń retí iyán. Ẹ̀wà àti epo ni ìyá gbé wá, oúnjẹ ìbejì. Kó tó bù fún un, ó bu díẹ̀ sínú àwo kékeré méjì, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Èyí ti Táíwò mi. Èyí ti Kẹ́hìndé rẹ. Àwọn tó rìnrìn àjò." Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. "Mosún ti sọ fún mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ní Sátidé, èmi fúnra mi n ó wá sí Ìgèdè, n ó wá kí ìyá rẹ. Ìyá ìbejì la jọ jẹ́."

Nígbà náà ni Rótìmí tó rántí. A kì í sọ pé ìbejì kú. Ìrìn àjò la máa ń sọ pé ó lọ. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pa ẹni tí wọn kò bí, wọ́n sì ń bá a ṣọ̀fọ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo omijé ìyá, ó pa ẹnu dé, ó sì jẹ ẹ̀wà náà tán.

Ó gba Ìgèdè lọ. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí nígbà tó dé. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìyá sọ igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ nìkan ni mo bí," ni ìyá wí. "Wọ́n pè mí lágàn títí ó fi sú wọn. Nígbà tí o dé, mo ní Olúwa ló dúró tì mí. Orúkọ yẹn ni ojú ń tì ọ́ láti jẹ́?"

"Rárá, Màámi."

"O bí ọmọ fún mi, o tún sin ín fún mi, èmi ò sì gbọ́! Bí obìnrin yẹn bá fi omijé wọ ulé mi, n kò ní bá ọ purọ́. Kí Sátidé tó pé, lọ sọ ọ́."

Ọjọ́ Jímọ̀ ló tó rí ẹsẹ̀ gbé. Nígbà tó dé Ìyìn, Ìyá Ìbejì ń di iṣu tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Ìgèdè, Mosúnmọ́lá ń lọ aṣọ ìyá rẹ̀. Rótìmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mo purọ́. Èmi kì í ṣe Táíwò. Olúwarótìmí ni mí, èmi nìkan ni ìyá mi bí. Kò sí Kẹ́hìndé kankan tó kú."

Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ "kú" nínú ilé náà rí. Mosúnmọ́lá gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ.

"Kì í ṣe ti orúkọ," ló ní. "Ti orúkọ, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n o jókòó síbẹ̀, ò ń wo ìyá mi bó ṣe ń sunkún, o sì ń jẹ ẹ̀wà! Jáde."

"Mosún, jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí o jáde!"

"Kò sí Kẹ́hìndé tó kú," ni ìyá wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì yíjú sí i. "Tìrẹ kò kú. Tèmi kú." Okùn iṣu bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Táíwò mi kú. Ibà ni. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù, ó kú lẹ́yìn mi, n kò mọ̀. Mo ṣì ń kọrin fún un."

Mosúnmọ́lá kò gbọ́ èyí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó sáré dì mọ́ ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sunkún kíkorò.

Rótìmí dìde jẹ́jẹ́. Ó mọ̀ pé òun ti pàdánù rẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Olúwarótìmí."

Mosúnmọ́lá ni. Ojú rẹ̀ pọ́n, inú ṣì ń bí i.

"Níbo lò ń lọ? O ti gba ìkíni ọ̀fọ̀ lọ́wọ́ wa lórí òkú tí o kò ní. Wá dá a padà."

Ó padà wá, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Ẹ kú ìrọ́jú ọmọ yín. Olúwa á tù yín nínú." Ó yíjú sí Mosúnmọ́lá, omijé ti gba ojú òun náà. "Mosún, kú ìrọ́jú Táíwò rẹ."

Mosúnmọ́lá sún díẹ̀ lórí àga, Rótìmí sì jókòó síbẹ̀. Ìyá fi ìró nu ojú. Ó tún mú okùn iṣu náà nílẹ̀.

"Bí a bá dé Ìgèdè lọ́la," ló bi í, "kí la ó máa pe ìyá rẹ?"

"Ìyá Rótìmí, Mà."