Hẹ́dífóònù Ẹlẹ́yìn Asẹ́

Hẹ́dífóònù méjì ni Bọ̀dá Ọláyẹmí gbé kalẹ̀ fún wa ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìsinkàn, ní Àkúrẹ́. Iye kan náà ló ń ta méjèèjì. Wọn kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú, wọn kì í sì í ṣe ti olówó. Àárín méjì ni wọ́n wà. Bímbọ́lá ọ̀rẹ́ mi ló fẹ́ ra ọ̀kan. Àbúrò màmá rẹ̀ tó wà ní Àbújá ló fi owó rẹ̀ ta á lọ́rẹ nígbà tó gbọ́ pé Bímbọ́lá ni wọ́n mú láti kọ orin àdákọ nínú ìdíje àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé ló ti fẹ́ máa lò ó, kó máa fi gbọ́ orin tí ọ̀gá akọrin bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa.

Bọ̀dá Ọláyẹmí kò tàn wá jẹ, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí. Ó ní ẹ̀yìn ti àkọ́kọ́ dé pinpin, pé ohun tó bá ń sọ, etí ẹni tó gbé e nìkan ló máa gbọ́ ọ. Ìkejì ní ihò wínníwínní lẹ́yìn bí asẹ́. Orin inú rẹ̀ fẹ̀, kò há rárá, àfi bíi pé àwọn akọrin dúró síwájú ẹni. Ó wá béèrè lọ́wọ́ Bímbọ́lá bóyá ó ní yàrá tirẹ̀ nílé. Bímbọ́lá ní pálọ̀ lòun ti máa ń gbọ́ orin.

"Ó dáa, èyí tó dé yìí ni kó o mú," ni bọ̀dá wí. "Èyí tó ní ihò yìí, ẹni tó bá jókòó tì ẹ́ á máa bá ẹ gbọ́ ọ ni."

Èmi Moríyọ̀ ni n kò gbà. Mo ti gbé méjèèjì sétí, adùn ti ìkejì sì ti gbà mí lọ́kàn. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ máa gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́fẹ̀ẹ́, kó ṣáà máa ṣe àmín. Bímbọ́lá rẹ́rìn-ín, ó gbé e sétí, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí tó fi yí i sókè tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti ṣe àìsàn ní kékeré ni etí òsì rẹ̀ kò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ akọrin, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, mo sì ti búra pé kò ní ti ẹnu mi jáde. Èyí tí mo fẹ́ náà ló rà.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí èmi náà fi ní àṣírí tèmi. Màmá mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Oǹdó, lẹ́yìn ìjà kan tí n kò fẹ́ rántí. Bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ara ìyá àgbà ni kò yá, pé ìyàwó òun lọ tọ́jú rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé ògiri létí, kí n pa ẹnu mi mọ́. Mo gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù, mo fi ẹkún ro gbogbo rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí Bímbọ́lá. Mo ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó fèsì pé kí n fọkàn balẹ̀, òun máa gbé hẹ́dífóònù sétí kí òun tó gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé wa. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ló kọ́kọ́ gbé ìkòkò ẹ̀fọ́ wá, ó ní kí bàbá mi má fi ebi pa ara rẹ̀, pé bó pẹ́ bó yá, ìyàwó rẹ̀ á padà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, òmíràn ti gbé ọbẹ̀ ilá dé, ó sì ń yọjú wo okùn aṣọ bóyá òun á rí aṣọ màmá mi níbẹ̀. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó tilẹ̀kùn, ó wá yíjú sí mi.

"Moríyọ̀, ta lo sọ fún?"

N kò lè purọ́ fún un. Kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó kàn ní kí n di ẹrù mi, kí n lọ lo ìyókù ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ màmá mi.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo sọ fún, ẹnìkan ṣoṣo náà ló sì dalẹ̀ mi. Ọmọ tí a ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sọ bàbá mi di ẹni tí wọ́n ń se ọbẹ̀ àánú fún! Ó dùn mí wọ egungun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bímbọ́lá pè mí ní ọjọ́ náà, n kò gbé e. Kí ọkọ̀ Oǹdó tó gbéra, mo wọ gúrúùpù àwọn akọrin lórí Wásáàpù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n bi adákọrin wọn léèrè, èwo nínú etí rẹ̀ méjèèjì ló ń gbọ́rọ̀? Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Ara tù mí títí ọkọ̀ fi dé Oǹdó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gba orin àdákọ lọ́wọ́ Bímbọ́lá, wọ́n ti gbé e fún Precious, akọrin ẹlẹgbẹ́ wa. Wọ́n ní báwo ni ẹni tó ń fi etí kan gbọ́rọ̀ ṣe máa mọ̀ bí ohùn rẹ̀ bá yà. Mo kà á lórí fóònù, inú mi kò sì dùn tó bí mo ṣe rò.

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń bá ìyá àgbà sá kòkó. Ó ní Àǹtí Adéjọkẹ́, àbúrò bàbá Bímbọ́lá tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, pe òun láti tọrọ àforíjì.

"Ó ní òun ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀ nígbà tí Bímbọ́lá gbé nǹkan sétí," màmá mi wí. "Ohùn rẹ ló ń gbọ́ ketekete látorí ọmọ náà. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé ẹnì kankan ń gbọ́. Adéjọkẹ́ ló gbé e dé ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin, ó ní kí wọ́n lè bá wa fi sádùúrà ni."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bọ̀dá Ọláyẹmí ti kìlọ̀ fún wa. Èmi ni mo ní ká rà á. Ní gbogbo Àkúrẹ́, tí a bá yọ àwọn ará ilé rẹ̀ kúrò, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé dandan ni kí Bímbọ́lá yí ohùn sókè kó tó lè gbọ́. Ohun tó yẹ kí n fi gbèjà rẹ̀ gan-an ni mo fi bà á jẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́. Bímbọ́lá wà lójúlé wọn, ó jókòó, kò gbé nǹkan kan sétí. Mo kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wá. Ó yí etí ọ̀tún sí mi bó ṣe máa ń ṣe, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi láì já lu ọ̀rọ̀ mi.

"Mo rò pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í ṣe èmi," ó wí. "Mo ti dárí jì ẹ́, Moríyọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún ní àṣírí, èmi nìkan ni màá gbé e."

Precious ló kọ orin náà ní ọjọ́ ìdíje. Apá òsì Bímbọ́lá ni mo máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kó má sì gbọ́. Lọ́jọ́ náà, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga yẹn. Mo lọ jókòó sẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó dá a. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bó bá dà bíi pé ọ̀rẹ́ yín dalẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bímbọ́lá pè mí. Ká ní mo gbé ẹyọ kan péré ni, a ì bá ṣì jọ jókòó.