Ìdí Tí Wọ́n Fi Ń Pè É Ní Panumọ́

Kì í ṣe wọ́n ní, wọ́n pé. Ojú mi ló ṣe, etí mi ló sì gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́, kó pè mí ní òpùrọ́. Ká ní irọ́ ni, ara ì bá tù mí.

Búrẹ́dì ni ọkọ mi ń ṣe. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí a kó dé òpópónà tí a ti fẹ́ máa ta búrẹ́dì, ó dúró níwájú pátákó orúkọ àdúgbò, ó bú sẹ́rìn-ín. MAJE ni wọ́n kọ síbẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan.

"Má jẹ!" ló wí. "Àdúgbò Má-jẹ la gbé búrẹ́dì wá tà!"

Wọ́n ní ahun kan ló gbé ibẹ̀ láyé àtijọ́, tí kì í fún àlejò lóńjẹ. A gbà á bẹ́ẹ̀.

Arúgbó tó ni ilé tí a gbà, Màmá Onílé, kò bá wa ṣe àdéhùn púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́.

"Ẹ máa ṣe panumọ́ lójoojúmọ́. Kó ti jáde nínú ààrò kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọ́n."

Búrẹ́dì róbótó kan ni panumọ́, ó le koko, ẹyọ kan á kún ẹnu dí. Ọkọ mi ní bóyá adùn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Adùn wo? Bí ẹni ń jẹ igi ni.

Síbẹ̀, wọ́n ń rà á. Bó bá di ọ̀sán gangan, òpópónà a dákẹ́. Ẹ̀rọ télọ̀ a dákẹ́. Ọmọ tó ń sunkún a dákẹ́. Bí mo bá yọjú lójú fèrèsé, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wú. Wọ́n á máa jẹ ẹ́, wọn ò ní wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, ariwo á tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ẹlẹ́rìn-ín ní òun ò ṣe búrẹ́dì òkúta.

"Jẹ́ ká fún wọn ní èyí tó rọ̀ lónìí."

"Màmá Onílé ńkọ́?"

"Màmá Onílé tí kò léyín? Wọ́n á dúpẹ́ ni."

Búrẹ́dì náà rọ̀ bí òwú. Kó kan ahọ́n báyìí, ó ti yọ́. Télọ̀ ra ọ̀kan, ó yí i wò, yí i wò. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó lọ. Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sáré jáde ní àdúgbò.

Ọ̀sán pọ́n. Ẹyẹ dákẹ́. Afẹ́fẹ́ dúró. Mo ń gbọ́ bí ògiri ààrò ṣe ń ta pàrà, pàrà, bó ti ń tutù.

Ìgbà náà ni ẹnì kan pè láti ìta.

"Bàbá mi!"

Ohùn obìnrin ni. Ohùn jẹ́jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń pe ọkọ mi bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ ni. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ nígbà tó kú.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí gbàgà. Màmá Onílé já wọlé, panumọ́ àná kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó na ọwọ́ kejì sí ọkọ mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

"Bàbá mi o!"

"Ẹ́ẹ̀n, Màámi!"

Bí ọmọ tí wọ́n pè wá jẹun ló ṣe jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ó dúró, ìyẹ̀fun lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ohùn kankan kò tún jáde níbẹ̀.

Ọmọ kan sunkún níta. Ariwo àdúgbò padà. Màmá Onílé tu búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́.

"Ó ti jẹ́."

"Kí ló jẹ, Màmá?"

"Mi ò ní ó jẹ. Mo ní ó jẹ́. Orúkọ àdúgbò yìí nìyẹn. Má jẹ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ lọ́sàn-án, má jẹ́. Àwọn bàbá wa ló dá panumọ́ sílẹ̀, kí ẹnu má baà ráyè."

"Ta ló ń pè?"

"Ẹni tó jẹ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Ọkọ mi wà láàyè. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń po ìyẹ̀fun. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

Ohun tí mi ò sọ fún dókítà nìyí. Bí mo bá pe ọkọ mi nínú yàrá, ètè rẹ̀ kì í mì. Ìta ni ohùn rẹ̀ ti ń jẹ́.

Màmá Onílé ní kí n má pè é mọ́. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá pè é, báwo ni ohùn náà ṣe máa mọ ọ̀nà ilé? Lákọ̀ọ́kọ́, ìkángun òpópónà ló ti ń jẹ́, bí ẹni tó ti rìn jìnnà. Nígbà tó yá, iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Nígbà tó tún yá, abẹ́ fèrèsé wa.

Láàárọ̀ yìí, mo tún pè é. Ọkọ mi tó jókòó níwájú mi gbá ọwọ́ mi mú. Ó ń mi orí, ó ń mi orí, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an ni ohùn rẹ̀ ti jẹ́.

"Ìyàwó mi," ló wí, "ṣílẹ̀kùn fún wa."